Wisteria yín ò tanná? Bí mo ṣe ń tọ́jú tèmi rèé

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní wisteria lára ògiri yín tó ti ń lọ sí ọdún karùn-ún, ọdún kẹfà báyìí, tí ẹ ò tíì rí òdòdó kan ṣoṣo lórí ẹ̀, ẹ má tíì fà á tu. Àmọ́ ẹ má kàn jókòó tì í náà. Ní 2012 ni mo ra èyí tí mo kọ́kọ́ gbìn, ẹ̀yìnkùlé wa ní gúúsù ìlà-oòrùn London níbí, gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ fún mi pé sùúrù ni, pé ìtàkùn yẹn máa ń pẹ́, kí n fọkàn balẹ̀, mo sì fọkàn balẹ̀ lóòótọ́, ọdún ń gorí ọdún, ewé ń yọ, ìtàkùn ń fà, ó ti gun fẹ́ǹsì kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò, òdòdó ò yọjú. Ìgbà tó di 2018 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé sùúrù nìkan kọ́ ni nǹkan yìí ń fẹ́. Irú èyí tí ẹ rà ṣe pàtàkì, bí ẹ ṣe ń gé e ṣe pàtàkì, oúnjẹ tí ẹ ń fún un gan-an sì lè jẹ́ òun ló ń dí i lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí nìyẹn, kí ẹlòmíì má bàa pẹ́ lórí ẹ̀ bíi tèmi.

Ẹni tí kò bá dá a mọ̀ lórúkọ, ó ṣeé ṣe kó ti rí i rí. Tó bá di ìparí Épírì wọ Méè, tí ẹ bá gba àdúgbò Kensington ní London níbí kọjá, ẹ ó rí àwọn ilé funfun tí òdòdó aláwọ̀ àlùkò ń ṣù rọ̀ lára wọn wálẹ̀wálẹ̀ bí èso àjàrà, tí àwọn èèyàn ń dúró ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Òun nìyẹn. Ìran ẹ̀wà ni o, kì í ṣe ìran àjàrà. Tí ẹ bá já òdòdó kan ṣoṣo nínú ìṣù yẹn tí ẹ fi sí àtẹ́lẹwọ́, bí òdòdó awùjẹ ló ṣe rí gẹ́lẹ́, èso ẹ̀ náà sì dà bí ti yèrèpè, ó nírun múlọ́múlọ́ lára, àmọ́ tiẹ̀ kì í yún èèyàn. Tó bá gbẹ dáadáa tó sì móoru, á là lójijì, á dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ, kóró á sì ta lọ síbi tó jìn. Kóró yẹn ní májèlé o. Ẹni tó bá lọ́mọ kékeré nílé, kó máa gé èso yẹn dànù kó tó gbẹ, torí bíi nǹkan jíjẹ ló rí lójú ọmọdé.

Ilẹ̀ Ṣáínà àti Jàpáànì ni oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ jù ti wá. Ti Ṣáínà, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e láti Guangzhou dé England ní 1816, èyí tí wọ́n gbìn lọ́dún yẹn sára ilé ìpọntí kan ní Chiswick ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó ti lé ní 200 ọdún. Ní Sierra Madre ní California, èyí tí wọ́n gbìn ní 1894 ti gba ilẹ̀ tó lé ní éékà kan. Ní Ashikaga ní Jàpáànì, ọ̀kan wà tó ti lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lọ sí ibòmíì ní 1996, ó sì ń tanná níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ rí i, nǹkan tó lè pẹ́ ju àwa àti ọmọ wa lọ lẹ fẹ́ gbìn yẹn, ibi tí ẹ máa fi sí àti ohun tí ẹ máa fi gbé e dúró kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìkánjú ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi rírà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni tèmi ti wọ́. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lè lo ọdún 10 kó tó tanná, ó tiẹ̀ lè tó ogún ọdún. Èyí tí wọ́n lọ́, ìyẹn ni pé wọ́n gé ẹ̀ka lára ìyá tó ti ń tanná tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi kan gbòǹgbò òmíì, bí wọ́n ṣe máa ń lọ́ ọsàn àti máńgòrò nílé, ìyẹn máa ń tanná láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ bá ti gbìn ín. Èyí tí mo rà yẹn, orí tábìlì kan lọ́jà ni mo ti rà á, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára ju wisteria lọ, mi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bèèrè. Màmá Jàmáíkà kan tó ń gbé lódìkejì títì wa, àwọn tó jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló máa ń dúró wo ọgbà wọn, àwọn ló wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á láti ilẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún pa á padà wálẹ̀, wọ́n wá ní, "Kò sí kókó níbí. Kóró ni wọ́n fi gbìn ín."

Kókó yẹn ni kí ẹ máa wá tí ẹ bá lọ rà á. Nídìí ẹ̀, sókè ilẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ara igi ti wú tó sì wọ́ díẹ̀, bí ojú egbò tó ti jinná tipẹ́. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá wọ́n lọ́ ọ ni àbí wọ́n fi kóró gbìn ín, tí ò bá lè dá yín lóhùn, ẹ kọjá lọ jàre. Èyí tó dáa jù ni pé kí ẹ lọ rà á nínú oṣù Méè nígbà tí òdòdó ṣì wà lórí ẹ̀ nínú ìkòkò, ojú yín ti rí i pé ó ń tanná nìyẹn, ẹ sì tún ti rí àwọ̀ ẹ̀, torí èyí tó funfun wà, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú náà wà. Tí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí tiẹ̀ ń tanná dáadáa, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ ẹ̀ka kan mọ́lẹ̀ kó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e láàárín, tó bá ta gbòǹgbò lọ́dún tó tẹ̀ lé e ẹ gé e lára ìyá ẹ̀. Ọmọ ìyá ẹ̀ gan-an nìyẹn, kò ní pẹ́ tó ti kóró.

Ti Ṣáínà máa ń tanná kí ewé ẹ̀ tó yọ tán, ìṣù òdòdó ẹ̀ máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, gbogbo ẹ̀ sì máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló fi máa ń kún ojú. Ti Jàpáànì máa ń là díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, pẹ̀lú ewé, ìṣù tiẹ̀ sì gùn jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Multijuga lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, torí náà ibi tó ga tó lè máa rọ̀ sílẹ̀ ló yẹ ẹ́, bíi orí igi tí ẹ fi ṣe àtíbàbà, kì í ṣe ara fẹ́ǹsì kúkurú. Ti Amẹ́ríkà ló kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní ìkánjú láti gun gbogbo ilé, ó sì máa ń tanná nígbà tó ṣì kéré. Ẹni tí àyè ẹ̀ kéré, oríṣi kan nínú ti Amẹ́ríkà yìí tí wọ́n ń pè ní Amethyst Falls ni kó wá.

Ó fẹ́ oòrùn. Ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ní sọ́mà. Ògiri tó kọjú sí gúúsù ló dáa jù, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé e. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ ṣọ́ra fún un, torí tí ìrì dídì bá bọ̀ lóru tí oòrùn àárọ̀ sì ràn lé ojú òdòdó yẹn lójijì, ó máa ń pa á. Ti àríwá, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀, ewé lásán lẹ máa rí. Ìtàkùn mìíràn wà fún ògiri àríwá, mo máa sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó gbìn ín ni kí ẹ ti ta wáyà sí ara ògiri o, kì í ṣe tó bá ti gùn tán kí ẹ tó máa wá okùn kiri. Wáyà tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 3, la lò. Ẹ fi dírììlì lu ògiri, ẹ kan àwọn ìṣó olójú tí wọ́n ń pè ní vine eye mọ́ ọn, kí wáyà wá gba ojú wọn kọjá, kó má lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá kí ìtàkùn náà sì rí ibi wé sí. Wáyà kan sí òmíì, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi sára fẹ́ǹsì, ara òpó fẹ́ǹsì gan-an ni kí ẹ so wáyà mọ́, kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ àárín yẹn, torí tó bá di ọdún kẹjọ ìdí nǹkan yìí á ti le bí apá ọkùnrin, ó máa fa pákó yẹn ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Láti Ọ̀kítóbà títí wọ Épírì ni àkókò tó dáa láti gbìn ín. Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìkòkò tó wà nínú ẹ̀, kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, torí ìdí ògiri máa ń gbẹ, òjò kì í dé ibẹ̀. Kókó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀. Ẹ bomi rin ín kó mu dáadáa. Lẹ́yìn náà, ohun tó máa ń dun àwọn èèyàn láti ṣe nìyí, àmọ́ ẹ ṣe é: ẹ gé orí ẹ̀ kó ku sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90 sílẹ̀, lókè ojú kan tó lágbára. Ojú tí mo ń wí yìí, bí ojú iṣu ni, ibi tí ẹ̀ka máa ń gbà hù. Tí ẹ bá gé e báyìí á ya ẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì, àwọn yẹn lẹ máa nà sára wáyà. Ní sọ́mà ẹ so wọ́n dàgẹ̀rẹ̀, tó bá di wíńtà ẹ wá rọra tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ kó sùn gbalaja sára wáyà. Ẹ̀ka tó bá dúró ṣánṣán, gbogbo agbára ẹ̀ máa ń sáré lọ sí orí ẹ̀ ni, ewé ni á máa yọ. Èyí tó bá sùn, ojú ara ẹ̀ gbogbo ni á jí, ibẹ̀ ni òdòdó ti máa ń wá.

Bàbá mi wá kí wa láti Ìsẹ́yìn ní sọ́mà 2018 yẹn. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àga lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń wé ọwọ́ tuntun kan mọ́ wáyà, mo wé e tán, mo wọlé, nígbà tí mo máa fi jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti tú, ó ń rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Òdì lo wé e." Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka méjì mú orí ẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni mú ọmọ adìẹ, wọ́n wé e gba apá kejì, ó dúró, kò sì tú mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ṣé mi ò rántí pé bí iṣu ṣe ń wé ọ̀pá kọ́ ni èsúrú ṣe ń wé e, pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń gbà, ẹni tó bá wé e lódì á máa padà wá tún un ṣe lójoojúmọ́ ni. Mo lọ wò ó lẹ́yìn náà, òótọ́ ni, wisteria náà rí bẹ́ẹ̀: ti Ṣáínà máa ń wé lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ti Jàpáànì máa ń wé bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tí wọn ò bá kọ orúkọ sí tiyín lára, ọ̀nà kan tí ẹ lè fi dá a mọ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó wé ẹ̀ka kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí èyí tó ti wé fúnra ẹ̀ ń kọrí sí.

Ìgbà tí wọ́n ṣe ìyẹn tán wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n rà á láàárín ìka, wọ́n wá bi mí pé kí ni mo ń bù sí i. Mo ní ìgbẹ́ adìẹ ni, àti ajílẹ̀ tí a fi ń bọ́ koríko iwájú ilé. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ yìí ti yó jù. Bí ilẹ̀ bá yó báyìí, ewé lo máa rí, o ò ní rí iṣu." Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn gan-an. Mo ti sọ pé ìran ẹ̀wà ni, bí ẹ̀wà ṣe máa ń fi gbòǹgbò ẹ̀ mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ lòun náà ṣe ń mú un, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún fún un sí i. Tí ẹ bá fún un ní náítírójìn, ewé á pọ̀, á dúdú, á rẹwà, òdòdó ò ní sí. Ajílẹ̀ koríko yẹn ló burú jù fún un, tí koríko yín bá sún mọ́ ìdí ẹ̀ ẹ má da a dé ibẹ̀. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, ẹ lè bu sulphate of potash, ìyẹn ajílẹ̀ tí kò ní náítírójìn nínú, sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nígbà tí ewé ti ń múra àtiyọ, gíráàmù 20 sí mítà kan níbùú lóròó ti tó. Kì í ṣe kán-ún tá a fi ń se ewédú o, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, iyọ̀ inú ẹ̀ máa ba ilẹ̀ jẹ́.

Ó wá ku gígé, ìyẹn sì ni mo fẹ́ kí ẹ ka dáadáa ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ, torí ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n lọ́, tó gbìn ín sí oòrùn, tó wá ń gé e bó ṣe wù ú, ó ṣì lè máà rí òdòdó. Ohun tí èmi máa ń ṣe nígbà yẹn ni pé mi ò ní fọwọ́ kàn án ní gbogbo sọ́mà, tó bá wá di Máàsì tí mo rí i pé ó rí jágajàga mo máa fi sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé òdòdó fẹ́ǹsì gé gbogbo ara ẹ̀ kó tẹ́jú. Ní Máàsì, ojú òdòdó ọdún yẹn ti wà lára ẹ̀ka. Ẹni tó bá gé e báyìí, òdòdó ló ń gé dànù.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ máa gé e. Ìkínní, Júláì tàbí Ọ́gọ́ọ̀sì, bí oṣù méjì lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀. Nígbà yẹn ẹ ó rí àwọn ọwọ́ tuntun, tútù, gígùn, tó ń nà kiri bí ẹni ń wá ohun tó máa dì mú. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó gbòòrò dé ibi tí wáyà ṣì ṣófo, ẹ so ó mọ́ wáyà, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù, ẹ ka ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ìdí ọwọ́ yẹn, ẹ gé e lókè ewé kẹfà. Ẹ dúró níbí kí n ṣàlàyé kíka ewé yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ewé wisteria kan ṣoṣo máa ń ní ewé kéékèèké bíi mẹ́sàn-án, mọ́kànlá lára ẹ̀, tó tò sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́ adìẹ. Gbogbo ìyẹn papọ̀, ewé KAN ni. Tí ẹ bá ń ka àwọn kéékèèké yẹn, ẹ máa gé e kù sẹ́nu ìdí ni. Ibi tí igi ewé yẹn ti jáde lára ẹ̀ka ni kí ẹ máa kà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé mẹ́fà, kí ẹ tó gé.

Ìkejì, Jánúárì tàbí Fẹ́búárì, nígbà tí kò sí ewé kankan lórí ẹ̀. Àwọn tí ẹ gé ní sọ́mà yẹn náà lẹ tún máa padà sí, ẹ wá gé wọn kù sí ojú méjì tàbí mẹ́ta. Ó máa kúrú, á dà bí ìka ọwọ́. Bí ẹ bá ń ṣe báyìí lọ́dọọdún, kùkùté kéékèèké á máa ṣù jọ sára ẹ̀ka ńlá, àwọn kùkùté yẹn ni ilé òdòdó. Ẹ fi ọwọ́ pa ojú wọn ní Fẹ́búárì kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Ojú tó máa di ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. Ojú tó máa di òdòdó sanra, orí ẹ̀ rí rogodo, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lára ẹ̀ tí ìka yín máa mọ̀ kí ojú yín tó rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan irú ojú yẹn lára tèmi, òtútù ọjọ́ yẹn pọ̀ gan-an, ìka mi ti kú, mo sì dúró síbẹ̀ mò ń kà wọ́n. Mẹ́rìnlá ni.

Tí ẹ bá rí ọwọ́ kankan tó ń hù láti ìsàlẹ̀ kókó ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ẹ fà á ya kúrò. Gbòǹgbò yẹn ló ń hù tiẹ̀, òun náà á máa pẹ́ kó tó tanná, ó sì lágbára tó fi lè pa èyí tí ẹ fowó rà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gé e, tí ẹ bá sì máa gun àkàbà kí ẹnì kan dì í mú fún yín. Ẹ má ṣe é ní ẹ̀yin nìkan.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Láàárín Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà ni ojú òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ń dá sílẹ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un nígbà yẹn, ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa tó rí ìyà ẹ̀, ẹ sì lè máà mọ ibi tó ti wá. Torí náà tí òjò ò bá rọ̀ ní àsìkò yẹn, ẹ máa bomi rin ín, pàápàá èyí tó wà nídìí ògiri àti èyí tó wà nínú ìkòkò. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ rí ojú òdòdó, ó sanra, ó wá ń já bọ́ kó tó là, ìrì dídì ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Alẹ́ tí wọ́n bá ti sọ pé òtútù máa mú ní Épírì, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ funfun tí wọ́n ń tà fún ọgbà bò ó, kí ẹ sì ká a kúrò láàárọ̀. Àwọn ẹyẹ náà máa ń ṣá a jẹ. Tí ẹ bá rí i tó ti ya jálajàla nílẹ̀, àwọn nìyẹn.

Mo ra èyí tí wọ́n lọ́ ní Méè 2019, pẹ̀lú òdòdó lórí ẹ̀, mo gbìn ín sára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní Ọ̀kítóbà. Ní 2020 kò yọ nǹkan kan, kò yà mí lẹ́nu, ó ń ta gbòǹgbò lọ́wọ́ ni. Ní 2021, ìṣù mẹ́ta. Ọdún 2022 ni mẹ́rìnlá tí mo kà yẹn, láti ìgbà yẹn mi ò kà á mọ́. Mi ò tu ti àkọ́kọ́ dànù. Mo jáwọ́ nínú ìgbẹ́ adìẹ, mo na ẹ̀ka ẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, mò ń gé e lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bíi ti èkejì, ó sì tanná fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2024, ọdún kejìlá ẹ̀. Ìṣù méjì péré, ọ̀kan ò tiẹ̀ gùn. Mo pe bàbá mi lórí fídíò, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, wọ́n ní kí n gbé e sún mọ́ ọn sí i.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ ògiri àríwá. Hydrangea tó ń gùn, Hydrangea petiolaris, ló yẹ ibẹ̀. Òun ò nílò wáyà, ó ní gbòǹgbò kéékèèké lára ẹ̀ka tó fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri fúnra ẹ̀. Ó máa ń jókòó sójú kan fún ọdún méjì mẹ́ta bí ẹni pé kò fẹ́ dàgbà, lẹ́yìn náà á wá gbéra. Òdòdó ẹ̀ funfun, ó tẹ́ bí àwo. Tirẹ̀ yàtọ̀ o: ẹ má gé e ní wíńtà, ìgbà tó bá tanná tán ní sọ́mà ni kí ẹ rẹ́ ẹ díẹ̀. Ìtàkùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Campsis náà wà, àmọ́ òun kì í ṣe ti ògiri àríwá, òdòdó ẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó rí bíi fèrè kàkàkí, òun náà máa ń pẹ́ gan-an, oòrùn tó pọ̀ ló sì ń fẹ́, ara ẹ̀ka tuntun ló ti máa ń tanná, torí náà Fẹ́búárì sí Máàsì ni kí ẹ gé e wálẹ̀ sí ojú méjì mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ní Atlanta àti agbègbè yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbin ti Ṣáínà tàbí ti Jàpáànì níta gbangba. Ibẹ̀ ti móoru jù fún ẹnikẹ́ni láti káwọ́ ẹ̀, ó ti wọ igbó lọ, ó ń fún igi ńlá lọ́rùn pa. Ti Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, Wisteria frutescens, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni, òun ni kí ẹ gbìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, tí ẹ ń béèrè bóyá ẹ lè gbìn ín ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, òtútù wíńtà ló máa ń jẹ́ kó sinmi kó tó tanná, ẹ ò sì ní irú òtútù yẹn. Bougainvillea ni kí ẹ tọ́jú. Tí òun náà bá ń hu ewé tí kò tanná, ohun kan náà tí bàbá mi wí ni: ẹ dín ajílẹ̀ kù, ẹ dín omi kù kí ilẹ̀ ẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún rin ín, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn pa á dáadáa.

Ẹni tó ń gbé ilé onílé, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ lándíọ́ọ̀dù kó tó lu ògiri. Ẹni tó bá sì ti ní wisteria tó ti dàgbà lára ilé, kó jáde lọ wo gọ́tà àti ẹnu òrùlé ẹ̀ lónìí. Tí ọwọ́ kan bá ti wọ ẹ̀yìn páìpù omi òjò tàbí abẹ́ táìlì, kó yọ ọ́ jáde nígbà tó ṣì tútù, kó gé e. Tó bá fi sílẹ̀ dé ọdún tó ń bọ̀, páìpù yẹn ló máa fún mọ́ ògiri tó sì máa fà já.